Ìbejì mi wà ní ẹ̀ka àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ọ̀kan ń gbéra, èkejì ṣì ń jà: báwo lẹ ṣe pín ara yín?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, Ìbàdàn

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin abiyamọ àti ẹ̀yin bàbá. Ọ̀sẹ̀ 30 ni oyún mi wà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé mi dé tíátà, tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé àwọn ìbejì mi jáde. Kílò 1.4 ni Táyé, kílò 1.1 ni Kẹ́hìndé. Táyé ti ń mí fúnra rẹ̀, wọ́n ní láìpẹ́ màá máa gbé e sáyà. Kẹ́hìndé wà nínú ínkubétọ̀, wọ́n ti ọ̀pá kékeré bọ ihò imú rẹ̀, wọ́n sì ti túùbù mìíràn gba ẹnu rẹ̀ dé ikùn.

Bí mo bá dúró ti Táyé, ọkàn mi á wà lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé. Bí mo bá lọ bá Kẹ́hìndé, mọ́nítọ̀ á máa ké, ẹ̀rù á bà mí, n ò ní lè fọwọ́ kàn án. Omi ọyàn mi kò bo ìsàlẹ̀ ìgò. Ojú iṣẹ́ abẹ ń dùn mí tí mo bá jókòó pẹ́. Ìyá ọkọ mi sì ń béèrè ìkómọ, torí ọjọ́ kẹjọ ti dé tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, báwo lẹ ṣe pín ara yín?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, wọn á dúró, wọn á gbó, wọn á tọ́. Àwọn tèmi ti ń lọ sí pírámárì báyìí, wọ́n sì ń jà lórí bàtà láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ọyàn ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló máa ń pa abiyamọ lẹ́kún jù. Ìwọ̀nba tó ń kán yẹn ni wọ́n ń wá. Omi àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ dà á nù. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fún un jáde lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ fi sírínjì kékeré gbà á bó ṣe ń yọ. Mílílítà kan péré, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe nínú ìfun ọmọ tí kò tó kílò méjì. Ẹ máa ṣe é tó ìgbà mẹ́jọ láàárín òwúrọ̀ sí òwúrọ̀, kí ẹ má yọ òru sílẹ̀, torí òru ni ara abiyamọ ń pèsè ohun tó ń fa omi ọyàn jù. Ẹ lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá gbà yín láàyè, ẹ gbé fìlà tí wọ́n ti dé sórí dání, kí ẹ máa gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìtàn, omi náà yóò sọ̀.

Ní ti pípín ara, mi ò pín ara mi dọ́gba rí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù lọ́jọ́ náà ló ń gba ojú mi, ẹni tó lè gba ọwọ́ ló ń gba àyà mi. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé ni mo wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Táyé kò bínú.

Bàbá Táyélolú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá wọn wọlé! Níbi tí wọ́n ti tọ́jú tiwa, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n fi bàbá sí. Ìwé oògùn ni wọ́n ń nà sí wa, a ó sáré lọ sí fámásì, a ó sáré lọ sí láàbù, a ó padà wá dúró. Mátírọ́ọ̀nù kan ló já ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí n fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kí n wá jókòó. Ó gbé Kẹ́hìndé lé mi láyà, ó fi ọ̀já ìyá rẹ̀ dì í mọ́ mi. Látọjọ́ náà ni ìyá wọn ti ń rí oorun sùn. Àyà mẹ́rin wà nínú ìdílé yín bí ẹ bá ka ìyá ọkọ yín àti àbúrò yín mọ́ ọn. Ẹ lò wọ́n.

Nǹkan mìíràn tó mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn mi ni pé mo béèrè ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ẹ wo ìgò omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kẹ́hìndé. Ẹnu ọ̀pá kan wà nínú omi náà, omi sì ń hó. Bí wọ́n bá ṣe ri ọ̀pá yẹn jìn tó nínú omi ni agbára afẹ́fẹ́ tó ń dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, òun ni kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pa dé tó bá mí jáde. Bí omi bá dákẹ́ tí kò hó mọ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá imú ti yọ tàbí kí afẹ́fẹ́ máa jò níbì kan. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tí òbí lè ṣe nìyẹn láìjẹ́ dókítà. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi, gba ẹ̀bùn Nigeria Prize for Science ní 2023 lórí irú ẹ̀rọ ìmí bẹ́ẹ̀, èyí tó ṣe lówó pọ́ọ́kú fún àwọn ilé ìwòsàn tí agbára wọn kò ká ti òkè òkun. Ọpẹ́ mi sí i kò lópin.

Màmá Àgbà, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Oṣù méje ni o bí wọn, ọmọ oṣù méje máa ń yè. Ti oṣù mẹ́jọ là ń bẹ̀rù. Bí wọ́n bá délé, ẹ fi àdí pa wọ́n lára, ẹ fún wọn ní àgbo díẹ̀ kí egungun wọn lè le. Ní ti ìkómọ, sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé Táyé àti Kẹ́hìndé ti mú orúkọ tiwọn bọ̀ láti ọ̀run. Kí wọ́n fi oyin àti iyọ̀ ṣàdúrà nílé, kí ayẹyẹ dúró de àwọn ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Àdúnní

Màmá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, ẹ̀yin lẹ wí i, kò ku nǹkan kan tí mo lè fi kún un.

Ti oṣù méje àti oṣù mẹ́jọ ni kí ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ bá fi kún iye tó lò nínú ìyá rẹ̀ ló ń fún un lágbára. Ohun ọ̀rá kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 28 kò ní in tó, ti ọ̀sẹ̀ 30 sàn díẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ 34 sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún ìyá ní abẹ́rẹ́ dexamethasone tí a bá rí i pé ó fẹ́ bímọ ṣáájú àkókò, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó. Ọmọ oṣù mẹ́jọ lágbára ju ti oṣù méje lọ. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé mo ti rí ìdílé tó fi ọmọ oṣù mẹ́jọ pamọ́ sílé, tí wọn kò tètè gbé e wá, torí wọ́n ti gbà lọ́kàn pé kò ní yè. Ọmọ tó yẹ kó yè ni.

Àgbo, ẹ jọ̀ọ́ Màmá, kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu wọn, omi lásán àti glúkóòsì pàápàá. Ìfun wọn kò tíì gbó, ó lè wú kó sì kú. Omi ọyàn nìkan ló ń dáàbò bò ó. Awọ ara wọn náà tinrín, ẹ béèrè lọ́wọ́ wa kí ẹ tó fi òróró kankan pa á.

Ó wá kan gbígbé ọmọ sáyà. Ní Bogotá, olú ìlú Kòlómbíà, ni ọ̀nà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Ínkubétọ̀ kò tó, ọmọ méjì mẹ́ta ń sùn nínú ọ̀kan, wọ́n ń kó àrùn ran ara wọn, ni Dókítà Edgar Rey Sanabria bá ní kí àwọn ìyá máa fi ara wọn mú ọmọ gbóná. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa ń dúró kí ara ọmọ balẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Èsì ìwádìí kan tó jáde ní 2021 ló yí ìyẹn padà. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni wọ́n ti ṣe é: Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà àti Nàìjíríà tiwa, níbi tó jẹ́ pé Ilé-Ifẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wáyé. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀n láti kílò 1 sí ohun tí kò tó 1.8 ni wọ́n lò, ìwọ̀n àwọn ọmọ yín gẹ́lẹ́. Àwọn tí wọ́n gbé sáyà kété tí wọ́n bí wọn, ikú láàárín wọn fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti àwọn tó dúró. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ di ìmọ̀ràn fún gbogbo ayé: wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é: pámpásì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lára ọmọ. Ó dúró gbọọrọ láàárín ọmú méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn rẹ̀ kò tẹ̀ síwájú kó má baà dí ọ̀nà ìmí. Kí ọ̀já náà fún débi pé tí ẹ bá dìde, kò ní yọ̀ bọ́ sísàlẹ̀. Bí ara àwọn méjèèjì bá ti lè gbà á, ìyá lè gbé Táyé àti Kẹ́hìndé sáyà pọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ní àwọn ibi tí òṣìṣẹ́ ti pọ̀ tó, ọmọ tó wà lórí ọ̀pá imú náà ń bọ́ sáyà. Ẹ béèrè ti yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ń dùn mí. Ilẹ̀ Yorùbá ni ibi tí ìbejì ti pọ̀ jù láyé. Nínú ìwádìí tí dókítà kan, Nylander, ṣe ní Ìgbọ́-Ọrà, bíi 45 nínú ìbí 1,000 ni ìbejì. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn ìbejì ni a sì ń bí kó tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Síbẹ̀ ẹ ó dé ilé ìwòsàn ńlá, ẹ ò ní rí bẹ́ẹ̀dì kan tí ìyá lè sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń sùn, pẹ̀lú ojú iṣẹ́ abẹ. Kò dáa rárá. Ìyá kì í ṣe àlejò ní ẹ̀ka wa, ara ìtọ́jú ni.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ọkọ mi. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, tí mọ́nítọ̀ bá ti ké, kí ló dé tí wọn kì í fi ọ́síjìn kún un? Ó ti fẹ́ bá wọn jà lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì Àdúnní

Kó má bá wọn jà. Nọ́ńbà kan wà lójú mọ́nítọ̀ tó ń sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣe tó, àárín 90 sí 95 la fẹ́ kó wà fún ọmọ tó wà lórí ọ́síjìn. Tó bá kéré jù, ó léwu, tó bá sì pọ̀ jù, ojú ọmọ ló ń bà jẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ké, ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ṣé àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò? Ṣé ètè rẹ̀ kò ṣú? Nígbà púpọ̀, ẹsẹ̀ ló jù tí wáyà sì yẹ̀. Àmọ́ nígbà mìíràn, ọmọ gbàgbé láti mí lóòótọ́, torí ọpọlọ rẹ̀ ṣì kéré. Nọ́ọ̀sì á fi ìka ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á sì tún mí. Oògùn kafíìnì tàbí aminophylline ni a fi ń ran irú wọn lọ́wọ́ títí tí wọn á fi dàgbà kúrò níbẹ̀.

Abíkẹ́, Birmingham

Ẹ kú ewu, àǹtí mi. Ìhín ni mo bí tèmi sí, àárín ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú tiyín. Ẹ̀rù fífọwọ́ kan ọmọ tí ẹ sọ, mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n má pa á lára lọ sókè sódò, torí ìyẹn máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọwọ́ tó gbóná, tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n fẹ́: ẹ gbé ọ̀kan bo orí rẹ̀, ẹ fi èkejì dé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kàn dúró. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ kì í. Oríkì ìbejì ni mo ń kì fún wọn, àwọn nọ́ọ̀sì òyìnbó á dúró gbọ́. Láràárọ̀ tí mo bá dé, ìbéèrè mi ni, "Kí ni mo lè ṣe fún un lónìí?" Pámpásì ni, ẹnu nínù ni, dídi túùbù mú nígbà tí omi ọyàn ń wọlé ni. Béèyàn bá ti ń ṣe nǹkan, ọwọ́ á yé gbọ̀n.

Fún ẹni tó bá ń ka èyí ní Ìlú Ọba: òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láti 6 Oṣù Kẹrin 2025. Bí ọmọ yín bá wọ ẹ̀ka yìí láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́, tó sì lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá àti bàbá tó ń ṣiṣẹ́ lè gba ìsinmi tó tó ọ̀sẹ̀ 12, lọ́tọ̀ sí ìsinmi ìbímọ. Ẹ má jẹ́ kí mánéjà kankan sọ fún yín pé kò sí.

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí bọ̀ láti òkè. Táyé nìkan la gbé délé. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ló mú Kẹ́hìndé lọ.

Mi ò wá dẹ́rù ba ìyá yìí, Olúwa á dá àwọn tirẹ̀ sí. Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ fún ìyá irú mi pé "ṣebí ọ̀kan kù". Ẹ dárúkọ Kẹ́hìndé sí mi létí. Àwọn baba wa ń gbẹ́ ère ìbejì fún èyí tó lọ, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń wọṣọ fún un, ìyá sì ní ohun tó lè gbé. Ní ilé ìwòsàn, àpò aṣọ ni wọ́n fún mi. Ẹ sì jẹ́ kí ìyá fún omi ọyàn rẹ̀ jáde lọ fún èyí tó kù tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má ní ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Ìyẹn nìkan ló gbé mi dúró.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Kẹ́hìndé rẹ kò ní di ìgbàgbé, àbúrò mi. A gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀ fún yín, torí Táyé lè ṣáájú Kẹ́hìndé délé. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ilé pín sí méjì: ọmọ kan nílé tó ń fẹ́ ọyàn, ọmọ kan nílé ìwòsàn tó ń fẹ́ omi ọyàn nínú sírínjì. Ìyá mi ló ń gbé èyí tó wà nílé sáyà nígbà tí mo bá jáde. Mo ra kúlà pẹ̀lú yìnyín, torí iná kò ṣeé gbára lé, mo ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi èyí tó ṣáájú sí yàrá àwọn ìyá títí èkejì á fi bá a. Ibòmíràn ń gbà.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn social worker ilé ìwòsàn kí gbèsè tó ga, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dá yín sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdúnní

Kí Táyé tó délé, ẹ yẹ àpótí aṣọ wò. Kámfọ̀, àwọn bọ́ọ̀lù funfun tí a ń fi sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò, kó kúrò nílé pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọkùnrin, kò ní èròjà G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá gbóòórùn kámfọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa tú, ojú àti ara wọn á pọ́n, jọ́ńdíìsì náà á sì lè dé ọpọlọ. Oòrùn àárọ̀ kò lè wo irú rẹ̀ sàn. Ẹ fọ gbogbo aṣọ àti ìró tó ti wà nínú àpótí bẹ́ẹ̀, kí ẹ sá a.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, Ìbàdàn

Táyé ti wà láyà mi! Ó sùn, ìmí rẹ̀ kò sáré mọ́. Bàbá wọn ti fi ọwọ́ dé orí Kẹ́hìndé bí Abíkẹ́ ṣe wí, nọ́ńbà rẹ̀ sì dúró. Omi ọyàn ti ń pọ̀ sí i. Ìyá ọkọ mi gbà pé kí ayẹyẹ dúró, òun náà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń de ọ̀já. Dókítà wá kọ̀wé pé kí wọ́n yẹ ojú àwọn méjèèjì wò. Ojú wọn mọ́ kedere, kí ló fà á?

Nọ́ọ̀sì Àdúnní

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Ẹ̀yìn ojú ni wọ́n fẹ́ wò, ibi tí ẹ̀yin àti èmi kò lè rí. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò tíì hù tán nígbà tí ẹ bí wọn, ọ́síjìn sì lè mú kí wọ́n hù gbàù-gbàù, kí wọ́n fa awọ ẹ̀yìn ojú ya. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí ni a ń ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá tètè rí i, ìtọ́jú wà. Tí wọ́n bá pẹ́, ọmọ lè fọ́jú. Bí wọ́n bá dá Táyé sílẹ̀ kó tó dìgbà náà, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ọjọ́ àti ibi tí wọ́n á ti rí dókítà ojú.

Màmá Àgbà, Abẹ́òkúta

Nọ́ọ̀sì, o ṣé, mo gbọ́ ti àgbo. Bá mi wò ó: ọmọ-ọmọ mi kan tí wọ́n bí ní irú oṣù yìí ti pé oṣù mẹ́fà, kò tíì lè jókòó rárá. Àwọn aládùúgbò ti ń sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdúnní

Màmá, ọ̀sẹ̀ 40 ni kí ẹ fi kà á. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 30 ni wọ́n bí i, ọ̀sẹ̀ 10 ló ṣáájú. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 10 yẹn kúrò nínú oṣù mẹ́fà, ó ku bí oṣù mẹ́ta àtààbọ̀, ọmọ oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ kì í sì í jókòó. Bẹ́ẹ̀ la ó máa kà á títí tó fi máa pé ọdún méjì, fún jíjókòó, rírìn àti ọ̀rọ̀ sísọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan la kì í yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an la fi ń kà á. Bí wọ́n bá ti ń dúró kó dàgbà sí i kí wọ́n tó gbé e lọ gbà á, kí wọ́n gbé e lọ lọ́la.